Obìnrin Tó Ń Rán Aṣọ Aláìlápò

Àwọn kan wà tí ìyà jẹ tí ìyà náà sì sọ wọ́n di ènìyàn jẹ́jẹ́. Mo ti gbọ́ nípa wọn. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò sí lára wọn, n kò sì ní torí pé ó ti kú kí n wá máa parọ́ mọ́ ọn.

Èmi ni alásè ilé tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń ránṣọ. Ilé ìdáná mi àti yàrá ìránṣọ rẹ̀ kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là wọ́n láàárín. Bí mo bá ń bó ọ̀dùnkún, mo ń rí i; bí ó bá ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́. Ẹni tó bá ní n kò mọ ohun tí mò ń wí, kó lọ bi ògiri.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Opó ọlọ́rọ̀ kan ló kọ́ ọ fún àwọn ọmọ òrukàn, ó sì fi obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Àgbà ṣe olórí ibẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tí Màmá Àgbà ṣe ni pé aṣọ ọmọ kankan kò gbọdọ̀ ní àpò, nítorí inú àpò ni àwọn ọmọ ń fi búrẹ́dì pamọ́ sí, búrẹ́dì a sì máa pe eku wá. Kí eku má bàa rí jẹ, àwọn ọmọ kò ní àpò. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rìn káàkiri ilé, tí wọn kò mọ ibi tí wọn ì bá fi ọwọ́ wọn sí.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà tí wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e wá. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti ń rán ìṣẹ́tí aṣọ tí àgbà aránṣọ kò lè rí bú. Màmá Àgbà gbé e jókòó sídìí máṣíìnì nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ dáadáa, ó sì di aránṣọ ilé. Aṣọ àwọn ọmọ, aṣọ ibùsùn, kọ́tìnnì, títí dé aṣọ tí Màmá Àgbà fi ń lọ bá àwọn olówó ṣèpàdé, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Wọ́n máa ń yìn ín. Ìyìn kì í ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá rí nǹkan mìíràn jẹ, á jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó bá kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ yíyàn. Tọkọtaya tó bá ń wá ọmọ tí wọn yóò tọ́ á wá lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ á ti wẹ̀, wọ́n á ti fi òróró pa ẹsẹ̀, wọ́n á tò sí gbọ̀ngàn ìjẹun, àwọn àlejò á sì máa rìn kọjá níwájú wọn bí ẹni tó ń ṣa tòmátì. Wọ́n máa ń dúró níwájú Ìyá Abẹ́rẹ́. Obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, á bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ náà á di aṣọ ara rẹ̀ mú, á ní, "Èmi ni mo rán eléyìí, mà." Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á wo ojú ọkọ rẹ̀. Ìgbà náà ni Màmá Àgbà á rọra fà wọ́n lọ sídìí fèrèsé, á sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí wọn létí. Ojú wọn á yí padà. Wọn kò ní wo apá ibi tí ọmọ náà wà mọ́, ọmọ mìíràn ni wọ́n á mú lọ.

Bí ọkọ̀ wọn bá ti gbéra, ọmọ náà á lọ bá Màmá Àgbà, á ní, "Mà, kí ni mo ṣe?" Èsì kan náà ló máa ń gbà. "Kò sóhun tó o ṣe. Orí rẹ ni ò tíì gbà. Wá bá mi rán ọrùn aṣọ mi."

Ọmọ náà á rán ọrùn aṣọ. Lẹ́yìn náà, á lọ dúró níwájú dígí, á máa wá ohun tí àwọn ènìyàn rí lójú òun tí wọ́n fi ń sá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun wá a títí irun òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú. Káfíńtà kan tó wá tún fèrèsé ṣe ti fẹ́ fẹ́ ẹ rí, ọkùnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí kì í mutí. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní kó máa lọ ní tirẹ̀, pé kò ní pẹ́ rí ohun tí àwọn yòókù rí, kí òun kúkú bọ́ ìyọnu náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Káfíńtà lọ. Ó ti bímọ níbòmíràn.

Nígbà tó yá, òfin yí padà. Wọ́n ní inú ìdílé ni kí wọ́n máa tọ́ ọmọ òrukàn, kì í ṣe inú ilé ńlá. Àwọn ọmọ ń dín kù títí gbọ̀ngàn fi dákẹ́. Ọdún tí wọ́n ti ilé náà pa ni Màmá Àgbà kú. A sin ín tán, àwa òṣìṣẹ́ tó kù jókòó sí gbọ̀ngàn ìjẹun, à ń mu tíì, à ń sọ̀rọ̀ òkú. Awakọ̀ àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀, bàbá ẹlẹ́fẹ̀ tó máa ń fi ọwọ́ lu tábìlì bó bá ń sọ̀rọ̀.

"Ọgbọ́n Màmá pọ̀ o," ló wí. "Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, àìmọye tọkọtaya ló fẹ́ mú un lọ nígbà tó wà ní kékeré. Màmá á kàn fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, á ní wárápá wà lára ẹ̀. Wárápá, ọmọ tí ò tiẹ̀ wúkọ́ rí. Mo ní, 'Mà, kí ló dé?' Ó ní, 'Tó bá lọ, ṣé ìwọ ló máa ránṣọ?'"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Bàbá náà kò ní ibi kankan nínú, ó rò pé òun ń yìn ín ni. Ìyá Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e. Iwájú dígí ni mo ti bá a.

"Alásè," ló wí, "kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ látọjọ́ yìí."

Èmi ni mo sunkún. Òun kò sun ún. Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ, n kò sì kábàámọ̀ àánú náà títí di òní. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni n kò lè gbé mì.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn aláàánú kan gba ilé náà, wọ́n kùn ún, wọ́n yọ gbogbo ìkọ́ kúrò lára ògiri, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ènìyàn rere ni dókítà wọn, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó máa ń kí wa kí á tó kí i. Wọ́n ní aṣọ àwọn ọmọ náà kò gbọdọ̀ ní okùn, kò gbọdọ̀ ní bọ́tìnì, kò sì gbọdọ̀ ní àpò, kí wọ́n má bàa fi abẹ tàbí oògùn pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò wá a jìnnà. Wọ́n fi ṣéènì de àlùmọ́gàjí Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n fi yàrá tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ sì ń lọ bíi ti àná.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bó bá fẹ́ fi òwú sí abẹ́rẹ́, á máa gún afẹ́fẹ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì máa lọ sílé. Ilé wo? Obìnrin náà kò sùn sí ibòmíràn rí láyé rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá fún ìtọ́jú. Jẹ́jẹ́ ni a ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń rìn. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú náà sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí kò jẹun, tí kò wẹ̀. Nígbà tí oògùn àti ìtọ́jú dókítà ti mú ara rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fi í sí yàrá ìránṣọ kí ó lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó rí i tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ń bá abẹ́rẹ́ jà. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi òwú sí i, ó dá a padà. Láti ọjọ́ náà, kí ìyá tó nawọ́, abẹ́rẹ́ á ti wà ní sẹpẹ́, ọmọ náà kò sì tú àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń jókòó pọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń gbọ́ tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ń kọrin lábẹ́nu. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí n tó gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀.

Ara Jẹ́jẹ́ yá. Dókítà ní bí ìpàdé ọ̀sẹ̀ bá ti gbà bẹ́ẹ̀, yóò máa lọ sílé. Ìpàdé yẹn, gbogbo ẹni tó bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọmọ ni dókítà ń bi léèrè níbẹ̀: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, èmi tí mò ń fún un lóúnjẹ, aránṣọ tó ń bá a jókòó. Mo gbóríyìn fún un fún ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo lọ bá Ìyá Abẹ́rẹ́, nítorí mo rí ojú rẹ̀.

"Ìyá," mo wí, "ẹ má dààmú. Tí mo bá ti ń dáná láàárọ̀, màá máa fi òwú sí abẹ́rẹ́ tó máa tó yín lò títí di alẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ó wò mí. "Ṣé ìwọ náà lo máa wá jókòó tì mí ni?"

Mo padà sí ilé ìdáná. Mo ní ìkòkò lórí iná.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ti dé láti òwúrọ̀. Ó mú aṣọ tuntun wá fún ọmọ rẹ̀ láti wọ̀ lọ sílé, aṣọ aláwọ̀ ewé tó ní àpò méjì níwájú. Ọmọ náà wọ̀ ọ́, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò fẹ́ yọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ìpàdé, nọ́ọ̀sì ní ó ń sùn dáadáa. Olùkọ́ ní ó ti ń kàwé. Èmi ní ó ń jẹun, ó tilẹ̀ ń béèrè àfikún. Dókítà wá yíjú sí Ìyá Abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Ẹ̀yin lẹ jọ máa ń wà jù."

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ṣì máa ń bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀," ló wí. "Tó bá ku àwa méjì nìkan."

Ẹyin lohùn. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà láàárín wa, n kò gbọ́ ọ rí. Dókítà fi sùúrù dá mi lóhùn pé èmi ń bẹ ní ilé ìdáná, ìyá ló ń bá a jókòó, kí ni ìyá fẹ́ fi irọ́ ṣe? Wọ́n pe ọmọ náà wọlé. Ó ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n bi Ìyá Abẹ́rẹ́ wò. Ẹni tí wọ́n bá sì ti ní ó ń sọ̀rọ̀ láìmọ̀, bó bá jiyàn, iyàn náà ni ẹ̀rí. Dókítà ní àìsàn náà ti fẹ́ yọ́ padà wá, àwọn yóò tún oògùn rẹ̀ wò, àwọn yóò sì tún máa ṣọ́ ọ fún oṣù díẹ̀ sí i.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ. Wọ́n ní ẹni tí ejò bù jẹ rí ní í sá fún okùn. Tiẹ̀ yàtọ̀, ó gba eyín lẹ́nu ejò, ó sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Wọ́n bọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé náà lọ́rùn ọmọ. Ìyá rẹ̀ ká a sínú báàgì, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ, kò lè wo ẹ̀yìn. Ní ọ̀sán, Jẹ́jẹ́ tún wà ní yàrá ìránṣọ nínú aṣọ aláìlápò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, kò rí. Mò ń bó ọ̀dùnkún. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìyá, kí ni mo ṣe?"

Máṣíìnì dákẹ́. Mo rò pé Ìyá Abẹ́rẹ́ fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Kò sóhun tó o ṣe," ló wí. "Orí rẹ ni ò tíì gbà. Wá bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́."