Ọ̀nà Yangí àti Òkè Àwọn tí Ogun Pa

Kékeré ni mo wà, orí mi kò ju ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ, nígbà tí bàbá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù kiri Sókótó lónìí lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò lè débi tí wọ́n ti ń wà á. Abẹ́ irin àárín ni mo ti máa ń ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀, màá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kẹ̀kẹ́ á sì máa lọ. Ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní àdúgbò Runjin Sambo, á káwọ́ lérí.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ má sọ ọmọbìnrin mi dọkùnrin fún mi o!"

"Iṣẹ́ la ń lọ ṣe," ni bàbá mi á wí.

Iṣẹ́ náà sì ni lóòótọ́. Ó ń lẹ táyà, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi dógóyárò kan nítòsí ọjà Kasuwar Kara. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Sókótó kí wọ́n tó bí mi. Ó ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀: kẹ̀kẹ́ tó bá tún ṣe kì í padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín àfi tí a bá kọ́kọ́ gùn ún lórí ọ̀nà yangí lẹ́yìn ìlú. Ó ní ilẹ̀ ìgboro tó tẹ́jú ń tan ènìyàn jẹ, pé yangí ni kò mọ irọ́ pa. Nítorí náà, láràárọ̀ Sátidé, òun á gun ọ̀kan, èmi á gun ọ̀kan, ó di ìgbẹ́.

Ọkọ̀ kì í gba ọ̀nà yẹn nígbà náà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ máa pàdé, àti ràkúnmí, àti àwọn obìnrin tó ru àlùbọ́sà. Oko ọkà bàbà lọ́tùn-ún, oko ọkà bàbà lósì. Òkúta wẹ́wẹ́ á máa ta lábẹ́ táyà bíi gúgúrú nínú ìkòkò. Àwọn ọmọ Haúsá á sáré tẹ̀ lé mi, wọ́n á máa pariwo pé ẹ wá wo ọmọbìnrin lórí kẹ̀kẹ́. Inú mi máa ń dùn débi pé mi ò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ro mí.

Ìdùnnú yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ kí inú má bí mi. Ẹ bá mi fara dà á.

Òkè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, lẹ́bàá abúlé kan. Nígbà tí àwọn òyìnbó fi ìbọn gba Sókótó, àwọn kan tí ọta bà sá dé abúlé yẹn, wọ́n sì kú síbẹ̀. Orí òkè náà ni wọ́n sin wọ́n sí, tí wọ́n fi òkúta ṣàmì sí ibojì kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ tì í kọjá jẹ́ẹ́. Agogo kì í dún níbẹ̀.

A ò kúkú mọ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀. Ewúrẹ́ kan dábùú ọ̀nà, bàbá mi sì lu agogo gan-an. Ni baba àgbà kan bá yọ sí wa pẹ̀lú ọ̀pá.

"Kai! Bayerabe! Ìwọ Yorùbá yìí! Ṣé agogo lo fẹ́ fi jí baba mi ni?"

Bàbá mi ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yangí. Ẹ̀rín pa baba àgbà náà. Ó ní, "Dìde, dìde, òkúta á gún ọ níkùn. Ẹ̀yin Yarabawa, bí ẹ ò bá pariwo, ẹ ó wó lulẹ̀!"

Báyìí ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kọjá òkè tán, a ó yà lọ́dọ̀ rẹ̀, á fún wa ní fúrá mu, á sì bú bàbá mi pé póńpù rẹ̀ ń sunkún bí ìyàwó tuntun. Baba tirẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n sin sórí òkè. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá náà ń fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé: bí òun bá kú, kí wọ́n sin òun ti baba òun.

"Mi ò mọ ojú rẹ̀," ni ó sọ fún bàbá mi lójú mi. "Ṣùgbọ́n bí mo bá sùn tì í, òun á mọ̀ mí."

Ìgbà tó yá, a rí èèkàn tí wọ́n kun orí rẹ̀ ní pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà náà, kí wọ́n sì da ọ̀dà sí i. Èèkàn ń lọ títí, àfi bí mo ṣe rí wọn tí wọ́n ń gun òkè. Yangí orí òkè ni wọ́n fẹ́ kó. Àwọn àgbà abúlé ti múra láti lọ fi ẹjọ́ sun hakimi, olórí àgbègbè náà, kí ó dá àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà dúró. Ṣùgbọ́n baba àgbà náà ní kí bàbá mi kọ́kọ́ bá fọ́máànù wọn sọ̀rọ̀, nítorí Yorùbá ni.

Bàbá mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a lọ. Gbàrà tí fọ́máànù gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀, ó fò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn? Háà, ilé dé! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ọmọ yín nìyí? Ẹ fún un ní mínírà tó tutù!"

Wọ́n bi ara wọn léèrè agbo ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá mi wá sọ ti òkè, ọkùnrin náà mi orí.

"Òkè yẹn? Katakata mi ò ní fẹnu kàn án. Ṣé èmi ni màá dójú ti ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀ onílẹ̀?"

Bàbá mi padà sí abúlé, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ da hakimi láàmú mọ́. Ó ní, "Ọmọ ilé wa ni. Ó ti fún mi lọ́rọ̀." Àwọn àgbà wo baba àgbà náà, òun náà wo bàbá mi, ó ní, "To, ó dára." Wọ́n jókòó padà. Ẹ ò rí i bí a ṣe rí, àwa tí a fi ilé sílẹ̀! Ẹni tó bá ti sọ èdè ilé dáadáa, a ti gbà pé olóòótọ́ ni.

Nígbà tí a tún débẹ̀ ní Sátidé, ariwo katakata la kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ti gé òkè náà sí méjì, inú rẹ̀ pupa bí ẹran. Típà ti kó o, ó ti dà á sójú ọ̀nà lọ́nà jíjìn. Baba àgbà wà lórí eékún nínú yẹ̀pẹ̀ rírọ̀, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó ń ṣa egungun sí i. Ó gbé ọ̀kan, ó wò ó, kò mọ ti ẹni tó jẹ́.

Fọ́máànù rí wa, ó ń bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Yangí ibẹ̀ ló dára jù, ọ̀gá sì ń kánjú. Òkú àtayébáyé ni, àbí ta ló mọ̀ wọ́n?"

"Ọmọ rẹ̀ rèé nílẹ̀," ni bàbá mi wí.

Ó lọ kúnlẹ̀ ti baba àgbà náà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Baba àgbà kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ba komai." Kò sí nǹkan kan, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ì bá bú u! Ì bá fi ọ̀pá nà án!

A kò gun kẹ̀kẹ́ padà sílé. Ibo la ti fẹ́ gùn ún? Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti tẹ́ àwọn òkú náà sí.

Baba àgbà náà kú kí òjò tó dé. Etí abúlé níbòmíràn ni wọ́n sin ín sí, òun nìkan. Bàbá mi lọ, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó lé e, kò sẹ́ni tó pè é jókòó.

Kò pẹ́ ni fọ́máànù gbé táyà ọkọ̀ rẹ̀ wá sí abẹ́ dógóyárò. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀ kí i. Mo dúró gbagidi. Ọkùnrin náà ní, "Haúsá ti gba ọmọ yìí lọ́wọ́ yín o, ẹ̀gbọ́n!" Bàbá mi lẹ táyà náà. Nígbà tí ó lọ tán, mo bi bàbá mi léèrè ìdí tó fi lẹ̀ ẹ́.

"Bí mo bá kú síhìn-ín, ta ni yóò gbé mi lọ sílé?" ni ó dá mi lóhùn. "Ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ ilé náà ni?"

"Baba àgbà náà, ṣé kì í ṣe ilé lòun náà fẹ́ lọ?"

Bàbá mi fa póńpù mọ́ra. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà kẹ̀kẹ́ kan tó ti le tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Lọ́dún tí bàbá mi kú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló wá ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló jókòó síwájú? Fọ́máànù ni. Ó bá wa gbé pósí. Ó bu yẹ̀pẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́ ni pé ẹ̀gbọ́n mi sùn ti baba wọn." Oyún àkọ́kọ́ wà nínú mi lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ mi wú, ṣùgbọ́n mo rìn lọ bá a.

Mo ní, "Ẹ̀yin sà, baba àgbà ẹ̀bá òkè yẹn ńkọ́?"

Ó wò mí. Kò díbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ronú tọkàntọkàn.

"Baba wo?" ni ó wí.

Ayé ti yí padà, mi ò sọ pé kò yí. Ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ bí ọfà, àlùbọ́sà kì í rà lọ́nà mọ́, aláboyún ń tètè dé ọsibítù, èmi náà wà lára wọn. Mo dúpẹ́ fún títì náà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tún ẹgbẹ̀rún títì ṣe, inú mi kò ní yọ́ sí ẹni tó wo ojú ènìyàn, tó fún un lọ́rọ̀, tó sì gbàgbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì gba ibẹ̀. Ó tẹ imú mọ́ gíláàsì, ó ní, "Mọ́mì, títì yìí mà dán o!"

"Ó dán," ni mo wí. "Baba ẹnìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀." Mo sì sọ ẹni tó jẹ́ fún un.