Àwọn Méjìlá Tí Wọ́n Jẹ́ Mẹ́rìndínlógún

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi dé ibùdókọ̀ ní Òkìtìpupa, fọ́ọ̀mù Tèmítáyọ̀ wà nínú báàgì mi. Èmi ni mo ń kọ́ ọ ní eré sísá, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ bàbá àgbà rẹ̀ ní Igbótako, tó tọ́ ọ dàgbà, kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Ọ̀la ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ wọn.

Awakọ̀ tasí gba ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó tún kó wa mẹ́rin sẹ́yìn. "Tíṣà, ẹ fún ara yín díẹ̀, ẹnì kan ṣì ń bọ̀!"

Mo bá Bàbá nílé ní Igbótako; alàgbà ìjọ Aládùúrà ni. Ó jẹ́ kí n jẹ púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà, Àwọn Méjìlá Etí Òkun ni wọ́n pe ẹgbẹ́ tí yunifásítì yẹn wà. Wọ́n bá mi wò ó lórí fóònù: mẹ́rìndínlógún ni wọ́n! Èyí tó fẹ́ mú ọma mi lọ, kò sí òkun nítòsí rẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe lè purọ́ iye ara wọn, kí ni wọn ò ní fi ọmọ ṣe?"

Mo ṣàlàyé pé kọ́nfáránsì ni wọ́n ń pè é, àwọn ilé ìwé tó ń bá ara wọn díje. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pín wa. Ilé ìwé Igbótako ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ti di ti Ọ̀wọ̀. Tiwọn, ẹni tó wù ú ń wọlé, ẹni tó wù ú ń jáde, orúkọ ò yí padà. Bàbá ń wò mí bí ẹni tó ń ta oògùn nínú mọ́tò.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹja, ló dá sí i. "Ìṣọ̀kan Ìjọ Mẹ́rin yín ńkọ́?"

Bàbá ni alága àwọn ìjọ tó jọ ń ṣe ìsọjí lọ́dọọdún.

"Ìjọ mélòó ni, Bàbá?" mo béèrè.

"Méje," ló fèsì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ti Erínjẹ wọlé, méjì tún tẹ̀ lé e."

"Ẹ ò sì yí orúkọ padà?"

"Yí kẹ̀? A ti rán an sára àsíá!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹja fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó gba bíírò, ó sì buwọ́ lù ú. Àmọ́ kò dá fọ́ọ̀mù náà padà bọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń rí i láti Òkìtìpupa níbí," ló wí. "Láti Amẹ́ríkà ńkọ́?"

Ojú tì mí. Gbogbo àlàyé mi, iye ilé ìwé ni mo fi ń ṣe.

Tèmítáyọ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Inú rẹ̀ dùn, ó fò sókè, ó di mọ́ mi. Mo ní kó palẹ̀ mọ́, kó lọ sọ́dọ̀ Bàbá ní Fúráídè, kó má sì mú bàtà eré dání. Látọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ fún un pé kó má yára.