Ojú Tuntun fún Ọkọ̀ Alhaji

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi bà á jẹ́. Ọkọ̀ pupa tí Alhaji onípáànù máa ń gùn lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá ní Ọ̀fà, tí gbogbo ìlú ń sọ pé tuntun ló ń rà lọ́dọọdún, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Kò ra èkejì rí. Èmi ni mo ń yí ojú rẹ̀ padà. Odidi ọdún méje ni mo fi gbé e sínú, nítorí pé mo búra. Àmọ́ Alhaji fúnra rẹ̀ ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín báyìí ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rì, nítorí náà ìbúra tèmi náà ti tú.

Panẹ́ẹ̀lì-bítà ni mí. Tí ẹnìkan bá fi ọkọ̀ gbá ògiri, tí fẹ́ńdà ká jọ bí aṣọ àkísà, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá, lẹ́yìn ojú irin níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta pákó. Ìjàgbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Lọ́jọ́ tí mo gba fúrídọ̀mù, ìyá mi ti pa àgbò, mínírà ti wà nínú omi dídì, àwọn ẹbí ti jókòó. Ọ̀gá mi gbàdúrà fún mi, àdúrà náà gùn, ó sì dùn. Ìgbà tí wọ́n ṣe àmín tán ni wọ́n wá la ẹnu, wọ́n ní, "Ọmọ yìí mọ irin nà. Ó mọ irin jó pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ̀, kó má dán an wò. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi níbi igun."

Lójú ìyá mi o. Lójú àwọn àna mi tí mò ń wá ojúure wọn. Inú bí mi débi pé mi ò fẹnu kan ẹran àgbò náà. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo fẹ́ láyé kì í ṣe ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kì í sì í ṣe Mẹ́kà, kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo kàn fẹ́ kí ọkùnrin yẹn wo ojú ọkọ̀ kan lọ́jọ́ kan, kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é, kí wọ́n sì sọ pé ó dára.

Alhaji ní tirẹ̀, páànù ló ń tà. Lọ́dún kan tí páànù wọ́n gógó, owó wọlé fún un, ló bá lọ ra ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ kan ní Èkó. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ó kúrú débi pé tí o bá jókòó sínú rẹ̀, ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ á máa wo àárín orí rẹ láti òkè. Alhaji alára, ènìyàn gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ikùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kó tó jáde nínú ọkọ̀ náà, á kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, á sọ pé Bísímílà, á sọ orúkọ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà la óò wá rí fìlà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo àdúgbò bá a wẹ ọkọ̀ náà. Alfa ṣàdúrà, wọ́n bu omi lé táyà, a jẹ, a mu, a sì rọra wo nọ́lọ́ǹ tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kò yọ kúrò lára ìjókòó rẹ̀.

Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì fi dá a dúró lójú pópó, wọ́n fi fóònù hàn án. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà ti gbé ti ọdún tuntun jáde. Iná iwájú tó rí roboto tẹ́lẹ̀ ti di tẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n sì ti fowó kún un. "Alhaji," ni wọ́n wí, "ẹ má bínú o, tiyín ti di ti àná."

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ohun tí a ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ojú ọkọ̀ lorò ti Alhaji. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó na fóònù sí mi nímú.

"Ṣé o lè ṣe irú ojú yìí?"

"Ẹ ò ṣe ra tuntun náà, sà?"

"Iye tí wọ́n ń pè é yìí," ó ní, "tí mo bá ta gbogbo páànù mi, tí mo tún ṣí ti orí ilé mi kún un, kò lè tó o. Ṣé o lè ṣe é àbí o ò lè ṣe é?"

Mo ní mo lè ṣe é. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní nítorí pé kò sí ẹni tó máa fura sí mi. Bó ṣe máa ń yin èèyàn nìyẹn. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì búra.

Ibi tó ń kó páànù sí lọ́nà Ìlémọnà la ti ṣe é. Láàárín ọdún kékeré àti Iléyá, Alhaji á polongo pé òun ti ta ọkọ̀ fún ẹnìkan ní Àbújá, pé òun ti fowó lé e, tuntun ń bọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n sọ pé ó ti dé Àbújá á wà lábẹ́ tapólì lọ́dọ̀ mi, èmi á máa fi òòlù bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí wọ ìrọ̀lẹ́. Àpò iyanrìn ni mo ń tẹ́ irin lé. Rọ́bà líle ni mo ń yọ́ lórí iná fi ṣe gíláàsì iná iwájú. Níbi igun, tí irin ti ń ṣẹ́ po wọnú, mo máa ń lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, kí n tún lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò ní sùúrù fún àyè tó yẹ kí n fi sílẹ̀ yẹn. Ní Ìlémọnà, mo ní sùúrù. Tí mo bá lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, màá gbé òòlù sílẹ̀, màá fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó, màá mí kanlẹ̀.

Iléyá dé. Ọkọ̀ jáde pẹ̀lú ojú tẹ́ẹ́rẹ́, Alhaji ti ra nọ́lọ́ǹ tuntun lọ́jà, ó ti fi bo ìjókòó. Ìlú tún wẹ ọkọ̀. Alfa kan náà gbàdúrà kan náà sórí mọ́tò kan náà. Mo dúró sẹ́yìn, mò ń jẹ ẹran, mò ń ṣe àmín.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣe é dá dúró mọ́, nítorí àwọn òyìnbó yẹn ò sinmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa wọn, èmi tí mo mọ iṣẹ́ wọn ní ìka ìka. Lọ́dún kejì, wọ́n fẹ ẹnu ọkọ̀ náà sí i, wọ́n fowó kún un. Lọ́dún kẹta, wọ́n sún ihò imú rẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n fowó kún un. Lọ́dún kẹrin, kí Ọlọ́run gbọ́ mi, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìlà kan. Owó tí wọ́n fi kún un lọ́dún yẹn tó ra ilé àti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Mo fi ọjọ́ kan àbọ̀ na ìlà náà, mo sì fi ìyókù oṣù jẹun.

Alhaji ò mọ̀ pé òun ń fọwọ́ ara òun ṣe ara òun. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa a máa wo iye ọkọ̀ náà lórí fóònù lọ́dọọdún. Bí iye ọkọ̀ bá ti gòkè, bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìdàgbàsókè tí wọ́n bù lé Alhaji ṣe ń gòkè, nítorí ẹni tó bá lè ra irú èyí, kí ni yóò sọ pé òun ò ní? Òun ló san owó ẹ̀rọ omi. Òun ló san owó gọ́tà. Ó ń sanwó orí ọkọ̀ tí kò rà. Bó bá dé Ìlémọnà, á jókòó sórí páànù, á máa bú àwọn òyìnbó, á máa bú akọ̀wé, á wá bú mi kún un pé mo ń ṣe é dáadáa jù. Owó tó ń san fún mi ńkọ́? Iye tó san lọ́dún kìíní náà ni. Kò yí padà, èmi náà ò sì béèrè. Nínú ọkàn mi, kì í ṣe owó ni mò ń wá kiri.

Ohun tí mò ń wá kiri, ìyẹn ọ̀gá mi, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mi lọ lọ́dọọdún. Wọ́n bá ìyá Alhaji tan, wọn kì í sì í pa Iléyá ilé rẹ̀ jẹ. Wọ́n á dúró níwájú ọkọ̀ náà, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Òyìnbó ló nìṣẹ́. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nílùú yìí?" Wọ́n á wá rí mi láàárín èrò. "Ìwọ, sún mọ́ ọn, kó o wá kẹ́kọ̀ọ́." Mo máa sún mọ́ ọn. Mo máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo máa kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Ìbúra ò dára, ẹ má bá ẹnikẹ́ni búra.

Lọ́dún keje, ojú ọ̀gá mi fọ́. Ó ti ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, lọ́dún yẹn ló wá ṣú tán. Ìgbà tí wọ́n sọ fún mi, ìdí ọkọ̀ náà ni mo wà. Mo gbé òòlù sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé láàárín páànù Alhaji. Àánú wọn ṣe mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, àánú ara mi ló ṣe mí jù. Ọdún méje ni mo fi ṣe ojú tí mo fẹ́ kí ẹnì kan rí, ẹni náà ò sì ní ríran mọ́. Mo rò ó pé kí n fi iṣẹ́ ọdún náà sílẹ̀. Àmọ́ bí inú ṣe ń bí mi, ọwọ́ mi ò gbọ́. Mo ṣe é, mo sì ṣe é dára ju ti gbogbo ọdún tó kù lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, ọmọbìnrin wọn ló fà wọ́n lọ́wọ́ wá. Àwọn èèyàn ń ṣàlàyé ojú ọkọ̀ fún wọn láti ọ̀tún láti òsì. Wọ́n ní kí gbogbo wọn panu mọ́, kí wọ́n fa òun débẹ̀.

Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fọwọ́ tọ ojú iná, wọ́n tọ ẹnu, wọ́n tọ imú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ fẹ́ńdà, níbi tí irin ti ṣẹ́ po, tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rí ìka wọn tó ń rìn: mẹ́ta, àyè, mẹ́ta, àyè. Ẹnìkan ní bàbá ń kí ọkọ̀, èrò rẹ́rìn-ín.

"Níbo lọmọ yẹn wà?" ni wọ́n béèrè.

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wá mi kàn, wọ́n di etí mi mú, wọ́n fà á mọ́ ẹnu wọn.

"Ìwọ lo ṣe é."

Mo ti búra.

"Mi ò bi ọ́. Mo ń sọ fún ọ ni. Ẹ̀rọ ni òyìnbó fi ń tẹ tiwọn, kì í lù ú ní mẹ́ta-mẹ́ta." Wọ́n mí. "Ọwọ́ rẹ ti ń sinmi níbi igun. Ó dára. Ó dára gan-an ni. Mo ṣì ọ́ sọ lọ́jọ́ fúrídọ̀mù rẹ."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Wọn ò tíì fi etí mi sílẹ̀.

"Èló ló ń san fún ọ?"

Mo sọ ọ́ fún wọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún kìíní, sà."

"Kò fi kún un rí?"

"Mi ò béèrè, sà."

Ìgbátí tí wọ́n fún mi lójijì, èmi onírùngbọ̀n funfun, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. "Àwọn tó ni ọkọ̀ ń yí ojú rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fowó kún un lọ́dọọdún," ni ọ̀gá mi ń sọ sí mi létí. "Ìwọ jí ojú wọn kọ́, o fi owó wọn sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀ ọmọ."

Alhaji ti sáré dé, òógùn bò ó, ó rò pé àṣírí ti tú. "Bàbá, kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan," ọ̀gá mi gbóhùn sókè. "Ìyókù ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni mo gbàgbé, mo wá kọ́ ọ tán."

Alfa wá gbọ́wọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún ọkọ̀ tuntun. Etí mi ń ta mí, mo sì ṣe àmín tèmi sókè ju ti gbogbo wọn lọ.