Asiata Tó Dá Àlàbí

Bí wọ́n bá dárúkọ Asiata Àríkẹ́ ní Ọ̀fà, ìjàkadì òun àti Àlàbí ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà náà pàápàá á búra pé òun wà níbẹ̀, pé òun ló bá Àlàbí mú agbádá dání.

Ọdún 1954 ni. Sàláwù, ọkọ Asiata, ti kú, ó fi ilé gbọọrọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn ojú irin. Asiata ò ní ọmọ tó yè. Ẹbí kọ́kọ́ ní kí Àlàbí, àbúrò olóògbé, ṣú u lópó. Asiata ní òun ò lè fẹ́ ọmọ tí òun ti nu imú fún. Àlàbí náà ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dá ìjà sílẹ̀.

Ilé ló dá a sílẹ̀. Asiata kò dá gbé ibẹ̀. Obìnrin tí ọkọ lé, opó tí àwọn àna kó ẹrù rẹ̀ síta, èyí tí onílé ti ilẹ̀kùn mọ́, ọ̀dọ̀ Asiata ni gbogbo wọn ń wọ́ sí. Wọ́n kún yàrá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ ọmọ wọn sì kún orí okùn. Àwọn akọ̀wé réluwéè ni Àlàbí fẹ́ gbà síbẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn tó ń wọ bàtà, tó sì ń sanwó ilé lásìkò. Ó kó àwọn àgbà ẹbí sẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọrí síbẹ̀.

"Ìyàwó, ó tó gẹ́ẹ́," ni Àlàbí wí. "Kí àwọn àlejò rẹ jáde."

"Níbo ni wọ́n ó lọ, ọkọ mi?"

"Ìyẹn ò kàn mí."

Àlàbí kéré sí Asiata púpọ̀ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé Asiata níyàwó wá. Ọkọ ni fún un nìyẹn. Asiata kì í pè é lórúkọ, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, kódà bó bá ń bú u.

"Ó dáa, ọkọ mi," ni Asiata wí. "Ọ̀fà la wà, ìjàkadì ni tiwa. Ẹ jẹ́ ká jà á. Bí ẹ bá dá mi, wọ́n á jáde lónìí. Bí mo bá dá yín, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ilé yìí mọ́ títí n ó fi kú."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Nígbà èwe Àlàbí, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà kanlẹ̀. Ó rò ó pé òun á rọra gbé obìnrin náà jókòó sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó bọ́ agbádá. Asiata tú gèlè, ó fi di ìbàdí, ó rìn wá síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi."

Lóòótọ́, kò tíì kí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àlàbí, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó sì gba ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbà á dìde. "Dìde, ìyàwó, dì..." Kò sọ ọ́ tán. Asiata ti di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó fà á. Ọ̀kánjúwà ọkọ ilé nà gbalaja sórí iyanrìn.

"Ojóró ni," ni Àlàbí wí láti ilẹ̀. "Ó ń kí mi ni."

"Mo ṣì ń kí yín, ọkọ mi. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Bàbá Oyètúndé, tó dàgbà jù nínú ẹbí, ti rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi ògiri tì í lẹ́yìn. Nígbà tó rí ohùn, ó bi Àlàbí bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ tàbí kò kanlẹ̀. Àlàbí ní ó kanlẹ̀, ṣùgbọ́n. Bàbá Oyètúndé ní òun ò tíì gbọ́ "ṣùgbọ́n" nínú ìjàkadì rí. Bí àwọn obìnrin náà ṣe rílé gbé nìyẹn, tí Àlàbí sì di ẹni tí kò gbọdọ̀ dárúkọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ànàmọ́ sísè ni Asiata ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní ìdíkọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń rí àwọn obìnrin rẹ̀. Ó ní òun mọ ẹni tí wọ́n lé nílé kí onítọ̀hún tó lanu. Kì í wo ojú, torí ojú a máa purọ́. Ẹrù ló ń wò. "Obìnrin tó ń lọ kí ẹbí kì í ru ọlọ," ló máa ń wí. Ó ní obìnrin tó bá ru ọlọ ata rẹ̀ tòun ti ọmọ ọlọ wá sí ìdíkọ̀, wọ́n ti ní kó má padà.

Ó tún ní òfin kan. Ẹnikẹ́ni tó bá mú wálé kò gbọdọ̀ ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí àfi tó bá jẹun, tó sùn, tilẹ̀ sì mọ́. Ó ní ebi kì í jẹ́ kéèyàn ròyìn bó ṣe yẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ọlọ lórí Ifáníkẹ́, obìnrin ará Ilemona kan, tó sì fà á lọ́wọ́ wálé. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ifáníkẹ́ ń wí, "ọkọ̀ mi..." Wọ́n fi ànàmọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ gbọ́ ná, ọmọ mi..." Wọ́n tún fi òmíràn sí i. Ìyá kan tilẹ̀ ń bá a sunkún. Réluwéè fọn fèrè, ó lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Asiata jókòó tì í, ó ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

"Ọmọ mi obìnrin ló bímọ ní Òṣogbo," ni Ifáníkẹ́ wí. "Ó ní òun ò rí ọlọ gidi rà níbẹ̀. Tirẹ̀ ni mo ń gbé lọ."

Asiata wo ọlọ náà títí. "Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ."

Asiata fúnra rẹ̀ ló ru ọlọ padà sí ìdíkọ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ànàmọ́ fún abiyamọ. Àlàbí ló pín ìròyìn náà káàkiri ìlú. Ó ní wọ́n ní kí òun má dárúkọ ilé ni, wọn ò ní kí òun má dárúkọ ọlọ.

Àwọn ọkọ tó bá wá bẹ̀bẹ̀ kí ìyàwó wọn padà ń jìyà lọ́wọ́ Asiata. Kì í bú wọn. Á gbé ọlọ ìyàwó wọn kalẹ̀ níwájú wọn, á da ata sí i, á ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ kó kúnná kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ògúnyọmí ọdẹ, tó lé Ọ̀ṣunrẹ̀mí jáde nítorí pé ọbẹ̀ pẹ́ lórí iná, lọ ata náà títí òógùn fi bò ó. Ó wá ṣèèṣì fọwọ́ nu òógùn ojú.

"Ata ni o," ni Ògúnyọmí ń wí, tí omi ń dà lójú rẹ̀. "Kì í ṣe ẹkún."

"A gbọ́, bàbá," ni àwọn obìnrin dáhùn.

Asiata ti ìka bọ ata náà. "Kò tíì kúnná. Ọ̀ṣunrẹ̀mí, ṣé báyìí ni tìrẹ ṣe máa ń rí tí wọ́n fi ní ó pẹ́?"

Ọ̀ṣunrẹ̀mí padà sílé nígbà tó wù ú. Àwọn mìíràn ò padà rárá, Asiata ò sì fipá mú wọn. Sherifat, tó fi oyún wọlé láìní ju aṣọ ara rẹ̀ lọ, kọ́ iṣẹ́ aránṣọ níbẹ̀, ó sì di igbákejì Asiata.

Àlàbí ò yé wá. Bí òjò bá ti ṣú, á gbé àkàbà dé, á gun òkè, á máa kan páànù tó ń jò. "Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ọkọ mi," ni Asiata á kí i. Àlàbí á ní òun ò dárúkọ ilé o, páànù lòun ń tún ṣe, kí ohun ìní òun má bàjẹ́ kí Asiata tó kú.

"Nígbà wo gan-an lo fẹ́ kú, ìyàwó?"

"Ẹ ní sùúrù, ọkọ mi. Ilé ò tíì kún."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àwọn méjèèjì. Bí Àlàbí bá gbàgbé láti béèrè, Asiata á rán an létí.

Asiata kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1966. Lẹ́yìn fídáù, Àlàbí wọ agbádá, ó lọ sí ilé náà. Àdéhùn ti tán, àwọn akọ̀wé réluwéè sì ti wá wo yàrá. Àwọn obìnrin náà mọ̀. Wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sherifat gbé àga fún un, ó kúnlẹ̀. Àlàbí wúkọ́. Ó ti ń kó ọ̀rọ̀ yìí jọ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

Kó tó sọ ọ́ ni obìnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹní lábẹ́ apá rẹ̀. Eruku ojú ọ̀nà bò ó dé ìpéǹpéjú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, wọ́n ní kí n béèrè ìyá kan tó ń ta ànàmọ́. Ṣé wọ́n wà nílé?"

Gbogbo wọn wo Àlàbí.

"Kò sí nílé," ni Àlàbí wí.

"Ṣé mo lè dúró dè wọ́n? Mi ò ní ibòmíràn tí mo fẹ́ lọ."

Àlàbí wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo àwọn ẹrù tí wọ́n dì sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ.

"Sherifat, ṣí yàrá Ìyá fún un. Kí ẹ̀yin tó kù tú ẹrù yín."

"Bàbá, àwọn akọ̀wé ńkọ́?"

"Wọ́n ń gbowó oṣù. Wọ́n á ríbi gbé."

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́kún, wọ́n ń dúpẹ́, ọ̀kan ti ń tú okùn ẹrù. Àlejò ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó sún mọ́ Àlàbí, ó bi í nígbà wo ni Ìyá máa dé.

"Kò ní dé mọ́, ọmọ mi," ni Àlàbí wí. "Ó kú. Ìyàwó ilé wa ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

Kò sọ ọ́ fún Asiata rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi bára wọn jà. Àlejò náà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.