Kílò Mẹ́ta, Pọ́n-ùn Méje

Òórùn kòkó tútù ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ Ìdànrè. Láti Aládé títí dé Òdòdè, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń sá a sí, òórùn kíkan rẹ̀ á sì bá wa wọ inú ilé ìgbẹ̀bí, á dà pọ̀ mọ́ ti oògùn tí a fi ń nu ilẹ̀. Àwọn òkè olókùúta yẹn yí wa ká, wọ́n ga débi pé oòrùn kì í tètè yọ sí wa láàárọ̀. Àwọn ọmọ ìlú fẹ́ràn wọn. Lójú tèmi, ọmọ Iléṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ńṣe ni wọ́n dà bí ògiri.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ń kó wa kúrò nínú máìlì àti pọ́n-ùn bọ́ sínú kìlómítà àti kílò. Nígbà tí mò ń kúrò nílé, bàbá mi ní ọgọ́ta máìlì péré ló wà láàárín wa, pé kí n má sunkún. Awakọ̀ tó gbé mi wá ní ó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Mo mọ̀ pé ọ̀nà kan náà ni. Wọ́n ti fi ìṣirò yẹn dá wa lágara nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì: kílò, ẹgbẹ̀rún, sẹ́ńtì, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, mílì, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Mo lè kà á lójú oorun. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó nínú yàrá mi nírọ̀lẹ́, ọgọ́rùn-ún yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn, ilé á sì tún jìnnà sí mi ju ti àná lọ.

N kò gbọ́ èdè Ìdànrè dáadáa, ojú sì ń tì mí láti ní kí wọ́n tún un sọ. Bí mo ṣe di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mò ń ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ, má ṣì mí gbọ́ o, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣe é tán, mo ti lọ. Wọ́n ní mò ń gbéraga. Àárò ilé ló ń pa mí.

Lọ́sẹ̀ tí òṣùwọ̀n tuntun dé, èyí tó jẹ́ pé kílò ni wọ́n kọ sójú rẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀ kan láti Atosin bí ọmọbìnrin sọ́dọ̀ wa. Kílò mẹ́ta ó lé irínwó gíráàmù. Ọmọ tó dára gan-an. Ìyá rẹ̀ bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, mélòó ló jẹ́?" Mo ní, "Mẹ́ta lé díẹ̀." Mo kọ ọ́ sí káàdì, mo sì bá tèmi lọ. N kò mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ yí padà, nítorí n kò wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ ti ké títí ohùn rẹ̀ fi ń há. Ìyá rẹ̀ kọjú sí ògiri, kò fún un lọ́mú. Ìyá àgbà tó wá tọ́jú wọn ló gbé ọmọ lé itan, ó ń ki ìka bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó ń fi kàn án lẹ́nu. Mo bi ìyá ọmọ bóyá ọmú ló ń dùn ún. Ìyá àgbà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní èdè wọn, n kò sì gbọ́ tó ìdajì. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé ìtìjú tà. Mo fa àpótí, mo jókòó, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra tún un sọ fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ méje lọ́jọ́ tí a bí i níbí," ni ìyá àgbà wí. "Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ mẹ́rin, kò lò tó oṣù kan. Èyí wáá jẹ́ mẹ́ta. Lójú, ó sanra. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òṣùwọ̀n jiyàn?"

Ìyá ọmọ wá sọ̀rọ̀, kò yíjú padà: "Mi ò fẹ́ kí ojú wa mọ́ra kó tó lọ."

Ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe ni ebi ń pa lọ lójú mi yìí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ kílò níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Pé kílò ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn, èmi gan-an ló sì yẹ kí n sọ ọ́.

Mo ní, "Kílò ni mẹ́ta tí mo wí. Pọ́n-ùn ni méje ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pọ́n-ùn náà sì ni mẹ́rin yẹn. Pọ́n-ùn méjì ó lé díẹ̀ ló wà nínú kílò kan." Ìyá àgbà mi orí, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ kò mira. N kò dá a lẹ́bi. Mo wọ yàrá ìkẹ́rùsí, mo gbé òṣùwọ̀n àtijọ́ jáde, mo nu eruku ara rẹ̀, mo gbé e kọ́ síbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé ọmọ sórí tuntun: kílò mẹ́ta ó lé igba gíráàmù, ó ti já díẹ̀. Mo wá gbé e sínú ti àtijọ́. Ọwọ́ òṣùwọ̀n náà gbọ̀n, ó lọ, ó bọ̀, ó dúró.

Ìyá ọmọ ti dìde jókòó. Ó mọ òṣùwọ̀n yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá fi ìka kan ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. "Méje," ni ó wí. Ó tún un wí, ó wá na apá méjèèjì. Ibi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú ló ti bú sẹ́kún, èmi náà sì sunkún, gbogbo èyí tí mo ti ń pa mọ́ra láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ wa bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Ìyá ọmọ gbé e lé mi lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ fi ọwọ́ yín wọ̀n ọ́n lónìí." Ọmọ tí mo ti gbé ní Ìdànrè kò lóǹkà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí ni ẹnì kan kọ́kọ́ gbé fún mi kí n ṣáà gbé e. Nígbà tí wọ́n lọ, ilé tún dákẹ́. Àárò ilé kò kúrò lára mi lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí mo bá wọn ọmọ, mo máa ń wo ojú ìyá rẹ̀, mo máa ń pe kílò, mo sì máa ń pe pọ́n-ùn, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè pọ́n-ùn mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké a máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ogbó ti dé. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi du obìnrin ará Atosin yẹn, ó sì kù díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ kú sí i.