Okùn Tí Hàlímọ̀tù Rán

Bí ẹ bá dé ọjà Dassa, tí ẹ béèrè ẹni tó ń fọ àlòkù òyìnbó títí yóò fi dà bí tuntun, Hàlímọ̀tù ni wọn yóò júwe fún yín, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tátà, ìyẹn àǹtí. Ìjókòó ọmọdé inú ọkọ̀ ló ń tà jù. Ìwé pélébé aláwọ̀ ọsàn máa ń wà lára wọn, tó ń sọ pé wọ́n ti dán wọn wò nínú ọkọ̀ tó forí sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọdún wà lára ìwé náà, oníbàárà tó bá sì rí ọdún á ní ọjà ti gbó. Hàlímọ̀tù a fi abẹ ṣí i kúrò. Okùn tó ń di ọmọ mú, tí eku bá jẹ ẹ́, a fi òwú àpò rán an. Ẹni tó bá ní kò rán an dáadáa, ojú ló ń dun olúwa rẹ̀.

Valentine, olùkọ́bìnrin kan ní Soclogbo, wá ra ọ̀kan fún Jeanne, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún méjì.

“Tátà, étíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà, ìwé aláwọ̀ ọsàn yẹn?”

“Omi ọṣẹ ló bó o. Ọjà òyìnbó ni, ọmọ mi, kì í yẹ̀.”

Oṣù náà kò tíì parí tí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu fi ya lu ọkọ̀ Valentine lọ́nà Glazoué. Iwájú ọkọ̀ rún wómúwómú. Bẹ́líìtì di Valentine mú, èjìká rẹ̀ nìkan ló kán. Okùn Jeanne já. Ọmọ náà gba inú gíláàsì jáde, ó fi orí balẹ̀ lórí ọ̀dà, ó sì kú lójú ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan Valentine wọ ọjà, ó fi apá kan kọ́rùn, ó fi ìkejì gbé ìjókòó náà. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn.

“Tátà, ta ló rán èyí?”

Àwọn ará ìsọ̀ ń sọ pé kádàrá ni. Ọ̀kan tẹ Hàlímọ̀tù lẹ́sẹ̀ pé kó ní òyìnbó ló rán an. Ó wù ú kó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ó wo òwú dúdú tó já.

“Èmi ni.”

Valentine la ìjókòó náà mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín méjì bọ́. Ó tún là á mọ́ ọn lórí, ó ń lù ú lọ, Hàlímọ̀tù kò sì gbọ́wọ́ sókè bo ojú. Èèyàn mẹ́rin ló fipá fa Valentine kúrò.

Hàlímọ̀tù dìde tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ó mú àdá, ó ń ṣá ìjókòó tó kù nínú ìsọ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó ku ẹyọ kan nígbà tí obìnrin kan tó pọnmọ tẹ̀ síwájú, tó di okùn ìjókòó náà mú.

“Tátà, ẹ má ṣá eléyìí. Ó mọ́ dáadáa. Èló lẹ fẹ́ gbà?”

Hàlímọ̀tù já ìjókòó náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó sì gbé àdá sókè lé e.