Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Wọ́n Fi Dá Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Lẹ́bi

Títí di òní, n kì í fẹ́ gba ọ̀nà Ìjàn ní Adó kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà, ti ṣe olórí àwọn tó ro pápá fún ọkọ̀ òfuurufú nígbà òyìnbó. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, wọ́n sì to òkúta tí wọ́n fi ẹfun kùn yí i ká, kí awakọ̀ lè mọ ibi tó parí sí. Oko iṣu ló kù lẹ́yìn òkúta yẹn.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, ọkọ̀ kékeré kan bà sáàárín ebè iṣu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó dojú dé. Òyìnbó tó ń wà á fa ara rẹ̀ jáde, iwájú orí nìkan ló bó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sáré débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ, ó ń kí i kú ewu. Àlejò bọ́ lọ́wọ́ ikú lórí ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, kí ni ì bá tún ṣe? Lẹ́yìn náà ló kó imọ̀ ọ̀pẹ bo ipa ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lẹ́yìn òkúta, kí òjò má baà pa ẹ̀rí yẹn rẹ́.

Ọjọ́ kẹta ni òyìnbó mìíràn wá ṣe ìwádìí. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni wọ́n pè láti túmọ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé ohun tí òun bá bi wá nìkan ni kí n dáhùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo ipa náà. Ó wo ẹrẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní kò pọn dandan. Ó wá béèrè bóyá ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ fún awakọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti tọrọ àforíjì. Ojú mi ló ṣe é. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún un ṣe, ṣùgbọ́n mo ro ti iṣẹ́ tèmi, mo panu mọ́.

Wọ́n ní pápá ni kò tẹ́jú. Ẹni tí kò rí òkúta funfun lọ́sàn-án gangan lọ sílé láìlẹ́bi, wọ́n sì lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní gbogbo Adó, wọ́n ń pè é ní ẹni tó fẹ́ pa òyìnbó.

Nírọ̀lẹ́, nílé wa ní Òkè-Ìlá, ó bi mí pé, "Ṣé o wí fún un pé ùkíni ni?"

Mo wọ yàrá mi lọ. Mo bínú sí òyìnbó yẹn, mo sì bínú sí ara mi jù ú lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ kí i bí mo ti máa ń ṣe. Kò wò mí.

"Dìde," ló wí, "kí wọ́n má baà kọ ọ́ sílẹ̀."